Obìnrin Ló Ń Ní Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Jù, Ọkùnrin Ló Ń Pa Ara Ẹ̀ Jù: Báwo Ló Ṣe Jẹ́?

Ẹ ti rí àríyànjiyàn yìí rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan á ní, "Ẹ̀yin obìnrin yìí, nǹkan kékeré, ẹkún ló kàn." Ẹlòmíràn á fèsì pé, "Ẹ̀yin ọkùnrin ńkọ́? Ẹ ò lè sọ ohun tó ń ṣe yín, àfi kẹ́ ẹ máa bínú." Kó tó di alẹ́, ó ti di ìjà, oníkálukú sì ti lọ gbé ìṣirò tó gbè é wá.

Ohun tó mú kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí ni pé òótọ́ ni ìṣirò tí apá méjèèjì ń gbé wá. Ẹ wò ó:

Ìkíní: ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣèwádìí, tí dókítà bá rí ọkùnrin kan tó ní àrùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, obìnrin bíi méjì ló máa rí.

Ìkejì: tó bá di ọ̀rọ̀ ká gba ẹ̀mí ara ẹni, ọkùnrin ló pọ̀ jù. Àjọ ètò ìlera lágbàáyé, WHO, ṣírò pé ní ọdún 2019, èèyàn bíi 703,000 ló pa ara wọn káàkiri ayé. Nínú ọkùnrin 100,000, ó jẹ́ 12.6. Nínú obìnrin 100,000, ó jẹ́ 5.4.

Báwo wá ni ẹni tí wọ́n ní ìrẹ̀wẹ̀sì kì í sábà bá ṣe jẹ́ ẹni tó ń kú jù? Apá kan ìdáhùn wà nínú ara, apá kan wà nínú ìgbé ayé, apá kan wà nínú ìwà tá a bí mọ́ni. Apá tó kù wà nínú kóńgò tí àwọn olùwádìí fi ń wọn ọ̀rọ̀ náà. Apá tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí jù, torí ó lè gba ẹ̀mí ẹnì kan là nínú ilé yín.

Kí là ń pè ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn gan-an?

Kì í ṣe ìbànújẹ́ lásán. Tí èèyàn ẹni bá kú, tàbí tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, inú á bà jẹ́, ìyẹn ò tíì di àìsàn. Ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń lò, tí ọ̀pọ̀ ayé náà sì ń tẹ̀ lé, ka àmì mẹ́sàn-án sílẹ̀: kí ọkàn máa bà jẹ́ ṣáá; kí ohun téèyàn fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ má wù ú mọ́; kí oúnjẹ tàbí ara dín kù tàbí kó pọ̀ sí i; kí oorun dá tàbí kó pọ̀ jù; kí ara máa fà tàbí kí ọkàn má balẹ̀ sójú kan; kó máa rẹni láìṣiṣẹ́; kéèyàn máa rí ara ẹ̀ bí ẹni tí ò wúlò; kí ọpọlọ má lè dúró lórí ọ̀rọ̀; kéèyàn máa ronú ikú. Tí márùn-ún bá pé, tí ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, tó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà.

Ẹ fi àwọn àmì yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí wọn.

Kí ló dé tó fi pọ̀ lára obìnrin?

Ní 2017, àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì mẹ́ta, Rachel Salk, Janet Hyde àti Lyn Abramson, kó ìwádìí tó wá láti orílẹ̀-èdè tó ju 90 lọ pọ̀, wọ́n sì ṣe ìṣirò wọn lápapọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ obìnrin méjì sí ọkùnrin kan. Ṣùgbọ́n ohun tó gbàfiyèsí mi jù ni ọjọ́ orí. Nígbà tí ọmọ bá fi máa pé ọdún 12, àlàfo náà ti ṣí sílẹ̀. Láàárín ọdún 13 sí 15, ó ti tó mẹ́ta sí ọ̀kan. Tí wọ́n bá dàgbà tán, ó tún rọlẹ̀ díẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin ní nǹkan bí ọdún 12? Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ ọ́n. Ara ń yí padà, họ́mọ́ònù ń lọ sókè sódò. Ṣùgbọ́n ojú táwọn èèyàn fi ń wò ó náà yí padà: àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lójú títì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ìdí ẹ̀ àti ọyàn ẹ̀, iṣẹ́ ilé sì ń pọ̀ sí i lọ́rùn ẹ̀. WHO ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó obìnrin kan nínú mẹ́ta lágbàáyé tí wọ́n ti lù tàbí tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀ rí láyé ẹ̀. Èèyàn ò lè la irú ẹ̀ kọjá kó má hàn lára ọkàn.

Ọ̀rọ̀ ìbímọ náà tún wà níbẹ̀. WHO ṣírò pé nínú 100 obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bíi 13 ló máa ń ní àìsàn ọpọlọ kan, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ò fi bẹ́ẹ̀ lówó, ó sún mọ́ 20. Àwa Yorùbá mọ abísínwín, torí ìyẹn kì í fara sin: ìyá ọmọ á máa dá sọ̀rọ̀, á máa rí ohun tẹ́nikẹ́ni ò rí. Ṣùgbọ́n abísínwín kì í wọ́pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ni ti ìyá ọmọ tó ń fọmọ lọ́mú, tó ń rẹ́rìn-ín sí àlejò, tó jẹ́ pé tí ilẹ̀kùn bá ti, ńṣe ló ń wo ògiri. Ìyẹn gan-an la máa ń fi "ẹ kú ewu ọmọ" bò mọ́lẹ̀.

Ohun mìíràn tún ni àròkàn. Àwọn àgbà ní àròkàn ní í mú ẹkún àsun-ùn-dá wá. Onímọ̀ saikọ́lọ́jì kan ní Amẹ́ríkà, Susan Nolen-Hoeksema, lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1989, ó ti fi ìbéèrè wádìí ìwà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Stanford, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí inú wọn bá bà jẹ́. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ilẹ̀ mì ní Kalifóníà, ó sì ba nǹkan jẹ́ gidi. Ó padà lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Àwọn tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn máa ń jókòó ro ọ̀rọ̀ lọ ro ọ̀rọ̀ bọ̀, "kí ló dé tó fi ṣe mí báyìí, kí ló dé tí mo fi rí báyìí", àwọn ni ìrẹ̀wẹ̀sì mú jù lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì, kódà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje. Nínú àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin ló ń ṣe àròkàn ju ọkùnrin lọ díẹ̀. "Díẹ̀" ni mo wí o.

Ọ̀rọ̀ ìwà: ṣé bí wọ́n ṣe dá wa nìyẹn?

Àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì máa ń fi òpó márùn-ún wọn ìwà èèyàn. Ọ̀kan nínú ẹ̀ ni bí ọkàn ẹni ṣe tètè máa ń dààmú: ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà, tí ọ̀rọ̀ tètè ń dùn, tí kì í tètè gbàgbé. Ẹni tó bá ga lórí òpó yìí ni ìrẹ̀wẹ̀sì tètè ń rí mú. Paul Costa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà wò nínú àṣà 26 ní 2001, wọ́n sì rí i pé obìnrin ga díẹ̀ ju ọkùnrin lọ lórí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan yà wọ́n lẹ́nu. Èèyàn á rò pé ibi tí obìnrin àti ọkùnrin ti ń gbé ayé tó yàtọ̀ síra pátápátá ni ìyàtọ̀ ìwà wọn á ti pọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ jù. Ní Áfíríkà àti Éṣíà, ó kéré. Àlàyé kan tí àwọn olùwádìí ṣe rèé: tẹ́ ẹ bá bi obìnrin kan pé, "Ṣé ẹ máa ń dààmú gan-an?", ta ló ń fi ara ẹ̀ wé kó tó dáhùn? Níbi tí obìnrin ti ń fi ara ẹ̀ wé obìnrin bíi tiẹ̀, á ní, "Rárá, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe ni mò ń ṣe." Níbi tó ti ń fi ara ẹ̀ wé ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ìdáhùn ẹ̀ lè yí padà. Obìnrin kan náà ni o, ìbéèrè kan náà ni.

Ká tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ bí ìyàtọ̀ yìí ṣe tóbi tó. Ní 2005, Janet Hyde kó 46 àkójọ ìwádìí lórí ìyàtọ̀ ọkùnrin àti obìnrin jọ. Nínú gbogbo ìyàtọ̀ tí wọ́n wọ̀n níbẹ̀, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún ló kéré tàbí tí ò tiẹ̀ sí rárá. Ti àmì ìrẹ̀wẹ̀sì tó wà nínú ìṣirò 2017 yẹn náà ńkọ́? Mo ṣe ìṣirò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn mú obìnrin kan àti ọkùnrin kan lójú títì láìṣà, ìgbà bíi 58 nínú 100 ni ti obìnrin á ju ti ọkùnrin lọ. Ìgbà 42 tó kù, ti ọkùnrin ló máa pọ̀ jù. Torí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé "bí obìnrin ṣe rí nìyẹn", ó ti sọ ju ohun tí ìṣirò sọ lọ.

Ẹ jẹ́ ká yẹ kóńgò wò

Tẹ́ ẹ bá ra gààrí lọ́jà, ẹ mọ̀ pé kóńgò lè ní bàtà nídìí. Gààrí lè pọ̀ nínú àpò, àmọ́ ohun tí kóńgò bá gbé lẹ máa rí. Àwọn àmì mẹ́sàn-án tí mo kà lókè yẹn ni kóńgò àwọn olùwádìí. Ṣé gbogbo èèyàn ni ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń hàn lára ẹ̀ báyẹn?

Ìtàn erékùṣù kan ní Swídìn, Gotland, jẹ́ ká rí nǹkan kan. Ní 1983 àti 1984, wọ́n kọ́ àwọn dókítà tó wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe lè tètè dá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mọ̀, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀. Iye èèyàn tó ń pa ara wọn lọ sílẹ̀, inú gbogbo èèyàn dùn. Nígbà tí Wolfgang Rutz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wá ya ìṣirò náà sọ́tọ̀, wọ́n rí i pé láàárín àwọn obìnrin ló ti lọ sílẹ̀. Ti àwọn ọkùnrin wà bó ṣe wà. Àwọn ọkùnrin náà kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà rárá. Àwọn kan wà tí ọlọ́pàá mọ̀ dáadáa, torí ìjà àti ọtí. Tí wọ́n bá tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọn kì í sunkún, wọn kì í ní "inú mi ò dùn". Ìbínú ni wọ́n ń gbé wá, àti àìsùn, àti ọtí. Látibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìwé ìbéèrè mìíràn tí wọ́n fi orúkọ erékùṣù náà pè, tó ń béèrè nípa ìkanra, ọtí àti ìfarajìn fún ewu.

Ní 2013, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Lisa Martin, Harold Neighbors àti Derek Griffith, gbé irú kóńgò tuntun bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n fi ìbínú, ìjà, ọtí àti oògùn olóró, àti fífi ẹ̀mí wewu kún àwọn àmì tá a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó jáde ni pé ọkùnrin 30.6 nínú ọgọ́rùn-ún àti obìnrin 33.3 ló ní in. Àlàfo méjì sí ọ̀kan yẹn ti lọ.

Ẹ̀rí mìíràn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Amish ní Pennsylvania, àwọn àgbẹ̀ onígbàgbọ́ tí wọn ò fi mọ́tò rìn, tí ọtí àti oògùn olóró ò sì sí láàárín wọn. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín wọn ní 1976 sí 1980, iye ọkùnrin àti obìnrin tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Níbi tí kò ti sí ọtí tí ọkùnrin lè fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ó jọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì náà jáde síta.

Mi ò wá sọ pé kóńgò tuntun ló pé o. Ẹni tó ń mutí lè má ní ìrẹ̀wẹ̀sì kankan. Tẹ́ ẹ bá sì sọ gbogbo ìbínú di àìsàn, kóńgò á gbé ohun tí kì í ṣe tiẹ̀. Ẹni tó ń na ìyàwó ẹ̀, ìyàwó yẹn la kọ́kọ́ máa gbé kúrò nínú ewu, ká tó béèrè ohun tó ń ṣe ọkọ. Nípa pípa ara ẹni náà, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, àwọn obìnrin ló ń gbìyànjú ẹ̀ jù; àwọn ọkùnrin ló ń kú jù. Torí náà, kì í ṣe pé ìyà ọkùnrin ju ti obìnrin lọ. Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé ìyà ọkùnrin kan wà tí kóńgò wa kì í gbé.

Nílẹ̀ Yorùbá ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Òyìnbó nìkan. Abẹ́òkúta wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wádìí ẹ̀ dáadáa ní Áfíríkà. Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ló dá ètò abúlé Àró sílẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960: aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí ẹ̀ láàárín àwọn ará abúlé, ó sì ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ni òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ńlá láàárín àwa Yorùbá, wọ́n sì gbé ìwé ẹ̀ jáde ní 1963.

Nígbà tí wọ́n bi àwọn babaláwo àtàwọn onísègùn léèrè, wọn ò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó dúró fún ìrẹ̀wẹ̀sì bí ìwé dókítà ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àmì náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n: ẹkún tí kì í dáwọ́ dúró, àìlè jẹun, kí okun tán nínú ara, kí ayé súni. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, náà kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ pé orí ń ta àwọn, pé nǹkan ń rìn àwọn lórí, pé ìwé ò wọlé mọ́. Wọn ò ní "ọkàn mi bà jẹ́". Orí ni wọ́n ń dárúkọ.

Ẹ rí i báyìí? Tí dókítà bá bi bàbá kan pé, "Ṣé ẹ ní ìrẹ̀wẹ̀sì?", á ní rárá, tọkàntọkàn. Tó bá bi í pé, "Ṣé ara máa ń ta yín? Ṣé orí ń gbóná? Ṣé ẹ̀ ń sùn?", ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀.

Àṣà wa tún fi tiẹ̀ kún un. A máa ń sọ fún ọmọkùnrin ọdún márùn-ún pé ọkùnrin kì í sunkún. A máa ń ní ikú yá j'ẹ̀sín, bíi pé ká kú sàn ju ká jẹ gbèsè, ká pàdánù iṣẹ́, ká má lè bọ́ ilé. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rù á bà á. Nínú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ láti Ìbàdàn ṣe ní àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n gbé jáde ní 2005, ìdá 82.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé ẹ̀rù á ba àwọn láti bá ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ sọ̀rọ̀ lásán. Òfin náà kò ràn wá lọ́wọ́: ọ̀pọ̀ ọdún ni abala 327 òfin ìwà ọ̀daràn ní gúúsù Nàìjíríà ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan dẹ́rù ba ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara ẹ̀. Ta ló máa wá jẹ́wọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn, Muhammadu Buhari, buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò ti àtijọ́ tó ti wà láti 1958.

Kí lẹ lè ṣe?

Ẹ wo ìyípadà, ẹ má wo ẹkún nìkan. Ẹ̀gbọ́n tí kì í jà tẹ́lẹ̀ tó wá ń bá gbogbo ilé jà. Ọ̀rẹ́ tó ń mutí lọ́pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tó ń sáré mọ́tò bí ẹni tí ò fẹ́ délé, tó ń fi gbogbo owó ẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Bàbá tí kì í sùn mọ́, tó ń ṣiṣẹ́ láìsinmi kó má bàa jókòó ronú. Tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ má ní "ìwà ẹ̀ nìyẹn". Fún ìyá ọmọ tuntun, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn, kẹ́ ẹ wá béèrè bó ṣe ń ṣe é, kì í ṣe bọ́mọ ṣe ń ṣe nìkan.

Ẹ béèrè nípa ohun tẹ́ ẹ rí. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i pé ẹ ò sùn dáadáa láti ìjelòó. Kí ló ń gbé yín nínú?" ń ṣiṣẹ́ ju "Ṣé kò sí?" lọ, torí gbogbo wa la mọ ìdáhùn "Ṣé kò sí?": "Kò sí o." Ẹ rìn pẹ̀lú wọn, tàbí kẹ́ ẹ jọ tún nǹkan ṣe, ọ̀rọ̀ máa ń tètè jáde tí ojú ò bá kojú.

Tẹ́rù bá ń bà yín pé ẹnì kan fẹ́ pa ara ẹ̀, ẹ bi í ní tààrà: "Ṣé ó ti ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ gbẹ̀mí ara yín?" Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìbéèrè yẹn ló máa fi í sí i lọ́kàn. Àwọn olùwádìí tó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní 2014 ò rí ẹ̀rí pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ lè fún onítọ̀hún ní ìtura. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ má sì wàásù fún un. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Àró l'Abẹ́òkúta àti ní Yábàá l'Ékòó, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ sì wà ní UCH n'Íbàdàn. Tẹ́ ẹ bá wà ní Amẹ́ríkà, ẹ pe 988. Ní Bìrìtéènì, 116 123. Ní Bùràsíìlì, 188.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní ìtọ́jú. Ìjíròrò pẹ̀lú ẹni tó mọṣẹ́ wà, oògùn wà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń bọ́ nínú ẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n tún ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, wọn ò sì sọ pé obìnrin nìkan ni wọ́n ń bá wí.